Kí A Tó Yáwó Ra Ẹ̀rọ Amúlétutù Nítorí Ọ̀fìnkìn Ọmọ



Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí á mọ̀ pé kì í ṣe owó ilé-ìwé àti owó páànù nìkan ni àwọn èèyàn ń kọ sínú fọ́ọ̀mù mọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo wa ń pè ní éésì, náà ti wọ inú rẹ̀. Àwọn kan á ní nítorí ooru ni, a kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ìyá, á ní nítorí ọmọ ni. Ọmọ náà ń sín láràárọ̀ bí ẹni fa áṣáà símú, ojú ń yún un, imú rẹ̀ kì í gbẹ, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, àyà rẹ̀ á máa dún fíì bíi fèrè. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ilé tó bá ní éésì kì í ní eruku. Ni wọ́n bá fẹ́ fi àjẹṣẹ́kù ọdún mẹ́ta dúró gba owó.

Owó náà kì í ṣe kékeré, ara ọmọ sì ju owó lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, kí onídùúró tó tọwọ́ bọ̀wé.

OMI INÚ AFẸ́FẸ́

Ní ọdún 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní ìlú New York, wà nínú ìṣòro. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, bébà wọn á wú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bébà á sún kì. Àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lónìí kò ní bọ́ sójú èyí tí wọ́n tẹ̀ lánàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Willis Carrier, ni wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀rọ tí ó ya àwòrán rẹ̀ nígbà náà ni bàbá ńlá éésì tí à ń rà lónìí. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe torí kí ara lè tu èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, torí àtifa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni. Àwọn òǹtẹ̀wé tó wà láàárín wa, tí bébà ti wú mọ́ lọ́wọ́ rí lóṣù July, yóò mọ ohun tí à ń wí.

Bí ó ti ń ṣe é nìyí. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá gba ara irin tútù kọjá. Omi inú afẹ́fẹ́ á dì mọ́ irin náà bí ara ife omi tútù ti í máa ń làágùn, á kán sínú àwo kan, á sì gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ jáde sẹ́yìn ilé. Omi tí ẹ ń rí tó ń kán lára ògiri lóde, inú yàrá ló ti wá.

Kí ló kan omi pẹ̀lú ọmọ tó ń sín? Ó kàn án gidigidi. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, tí Voorhorst àti Spieksma wà lára wọn, fi hàn pé ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nínú eruku ilé kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀. Kòkòrò kan ni, tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbé inú bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí, rọ́ọ̀gì àti àga onífóòmù. Èépá ara wa tó ń bọ́ sílẹ̀ ló ń jẹ. Kì í géni jẹ bí ìdun. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wàhálà: bí ó bá gbẹ tí a sì fà á símú, ara àwọn kan á bínú sí i, imú á dí, ojú á máa yún, àyà á fún. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní àlẹ́jì nìyẹn, pé kí ara máa bínú sí ohun tí kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan.

Kòkòrò yìí kì í mu omi bíi tiwa. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fa omi sára. Bí ọ̀rinrin inú yàrá bá wà nísàlẹ̀ 50 nínú 100, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò náà á gbẹ, á sì kú. Ẹ wá wo ilẹ̀ tiwa. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, láti bí oṣù April tí òjò ti ń múlẹ̀ títí di October, ọ̀rinrin sábà máa ń ju 80 lọ, ní ìdájí ó máa ń súnmọ́ 100. Bàtà inú àpótí á bu. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù á dúdú, ara ògiri á máa rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ohun tó bu yẹn náà ń tú nǹkan bí ìyẹ̀fun sínú afẹ́fẹ́, àyà ọmọ tó ní ásímà kì í fẹ́ ẹ rárá.

Nítorí náà, òótọ́ wà lẹ́nu ẹni tó ní éésì lè ran ọmọ lọ́wọ́. Bí yàrá bá gbẹ, kòkòrò á dínkù, ara ògiri kò ní bu mọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Ìdajì tó kù ni pé éésì tí à ń gbé kọ́ sára ògiri kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá náà ló ń fà, òun náà ló tún ń fẹ́ jáde. Bí ẹ bá tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, tí ẹ fọ́n oògùn aáyán, tàbí tí èéfín sítóòfù wọlé láti kíṣínì, tí ẹ sì ti ilẹ̀kùn pa kí òtútù má bàa jáde, ẹ ti dì í mọ́ ọmọ nímú nìyẹn. Asẹ́ inú rẹ̀ náà kì í ju àwọ̀n lásán lọ. Òwú àti eruku tó tóbi ló lè gbà dúró, wíńtín-wíńtín á kọjá. Asẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní HEPA, tí ó ń mú ohun tó kéré gan-an, 99.97 nínú 100. Ṣùgbọ́n ó ki débi pé éésì inú ilé lásán kò ní agbára láti fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà á kọjá. Bí ọlọ́jà bá fi páálí hàn yín tí wọ́n kọ “ó ń pa kòkòrò” tàbí “ó ń fọ afẹ́fẹ́” sí, ẹ kí i, kí ẹ sì béèrè iye owó èyí tí wọn kò kọ ọ́ sí. Èmi ò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e nítorí ọ̀rọ̀ ara páálí.

YÀRÁ TÓ TÚN JẸ́ SÍTỌ́Ọ̀

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Àwa tí yàrá wa tún jẹ́ sítọ́ọ̀ wa kò kéré. Àpò ẹ̀wà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èlùbọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹrù òkìrìkà tó ga tó àjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, panla wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Òwò wa ni, a kò lè torí rẹ̀ bú ara wa. Owó ṣọ́ọ̀bù ń gun òkè, olè sì ń bẹ lọ́jà. Ṣùgbọ́n àárín àwọn nǹkan wọ̀nyí ni eku àti aáyán ń bí sí. Ìgbẹ́ aáyán àti ara rẹ̀ tó gbẹ tó sì fọ́ wẹ́wẹ́ wà lára ohun tí í máa ń dá ásímà sílẹ̀ lára ọmọdé. Èlùbọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ní kòkòrò tirẹ̀. Aṣọ òkìrìkà ti gba ọkọ̀ ojú omi, ó ti gba bọ̀ndù, eruku ibi gbogbo ló kó wá. Bí a bá wá gbé éésì sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, aáyán ni a rí tù lára.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìyá tó fẹ́ yáwó fi oṣù kan dán nǹkan mìíràn wò ná. Kó ọjà kúrò nínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Bí ààyè kò bá sí, pààrọ̀ yàrá, kí àgbàlagbà máa sùn ti ọjà, kí ọmọ máa sùn níbi tó mọ́. Ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀. Fi ọ̀rá tàbí aṣọ oníṣíìpù bo fóòmù náà yíká, òkè àti ìsàlẹ̀, kó má sì gbàgbé ìrọ̀rí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí a máa fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, omi tó gbóná tó ìwọ̀n 60 ti Celsius, èyí tí ọwọ́ kò lè gbà. Omi tútù àti ọṣẹ á fọ ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò náà. Kí wọ́n gbé fóòmù sóòrùn tí oòrùn bá ti mú. Àwọn ìyá wa tó ń sá ẹní sóòrùn, tí wọ́n sì ń gbọ̀n ọ́n lóde, kò ka ìwé Leiden, wọ́n kàn mọ̀ pé ó dára ni.

Gbígbálẹ̀ náà ńkọ́? Bí a bá ń gbálẹ̀ gbígbẹ láàárọ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà lórí ibùsùn, a ń gbé eruku láti ilẹ̀ lọ sí imú rẹ̀ ni. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi àkísà tútù nu ún. Apá fáànù tó wà lókè náà ń fẹ́ kí a nu òun. Ẹlòmíràn kò nu tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́lé.

Bí ara ọmọ bá balẹ̀ lẹ́yìn oṣù náà, ẹ ti fi owó ọ̀rá àti ọṣẹ ra ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀yáwó rà. Bí kò bá balẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti University of Medical Sciences ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, ó sì ní òmíràn ní Oǹdó. Ẹ sọ ìgbà tó ń ṣe é fún dókítà: ṣé bí a bá gbálẹ̀ ni, ṣé ìgbà òjò ni, ṣé bí ó bá sún mọ́ ológbò tàbí tí wọ́n bá ń dín ata ni. Éésì kì í ṣe oògùn ásímà. Bí èémí ọmọ bá ń gbé sókè tí kò lè sọ̀rọ̀ já gaara, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ilé ìwòsàn ni ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru ì báà ṣe.

Ọ̀RỌ̀ INÁ

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà fún àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó. NEPA (a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kúrò nílẹ̀ láti 2005, tí BEDC sì gba iṣẹ́ náà ní 2013) kì í fún gbogbo àdúgbò ní iná bákan náà. Kí éésì tó lè gbẹ yàrá débi tí kòkòrò á fi kú, ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, lójoojúmọ́. Bí iná bá wá fún wákàtí mẹ́ta lálẹ́ tí ó sì lọ, ọ̀rinrin á ti padà sí ipò rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Kòkòrò inú bẹ́ẹ̀dì kò sì béèrè ju wákàtí mélòó kan ọ̀rinrin lójúmọ́ kó tó lè yè. Èyí tó tún burú ni pé omi ara irin inú ẹ̀rọ kò tíì gbẹ nígbà tí iná lọ. Inú òkùnkùn ló wà, eruku wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni nǹkan á ti bu. Nígbà tí iná bá padà dé, ohun tó bu ni ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ fẹ́ sójú ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ òórùn bí ìbọ̀sẹ̀ tútù rí tí éésì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, òun nìyẹn.

Àwọn tó wà lórí Band A, tí wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí lójúmọ́ fún, ní tiwọn, owó ni kí wọ́n ṣírò. Ní oṣù April 2024, ₦225 ni ìjọba kéde fún yúníìtì kan lórí Band A. Iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, torí náà ẹ wo ohun tó wà lórí rìsíìtì yín. Éésì 1 HP ń jẹ bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yúníìtì sí yúníìtì kan ní wákàtí kan tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Wákàtí mẹ́jọ lóru jẹ́ yúníìtì 6 sí 8. Bí a bá fi ₦225 ṣe é, ₦1,350 sí ₦1,800 lóru kan nìyẹn, ọgbọ̀n òru sì jẹ́ ₦40,500 sí ₦54,000. Ó lè dín díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ máa ń sinmi bí yàrá bá ti tutù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹ ó máa san padà fún ẹgbẹ́ lóṣooṣù, kí ẹ wo àpapọ̀ wọn. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kì í ṣírò ti iná. Ẹ̀yin lẹ máa san án.

Àwọn kan á ní, “Jẹnẹrétọ̀ ń bẹ.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí í máa ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé ní ó kéré tán ogún ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí òde, kó má sí lábẹ́ fèrèsé, kó má sí ní fàráńdà, kó má sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Éésì kò ní sẹ́ èéfín yìí o. Àyíká ilé àwa mìíràn kò fẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà sí tẹni tó múlé tì wá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún jẹnẹrétọ̀ alẹ́, kí a má fi ti ọmọ tó ń sín dá ewu mìíràn sílẹ̀.

Ẹni tí iná kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹni ìkọ̀sílẹ̀. Nígbà tí Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew ń ya ilé fún yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn 1948, wọ́n ṣe é kí afẹ́fẹ́ máa gba ọ̀tún wọlé, kó gba òsì jáde, wọ́n sì fi ògiri oníhò ṣe ìbòòji. Ilé tí à ń kọ́ báyìí, fèrèsé alumíníọ̀mù tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí, ni wọ́n ń dín sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, kó fi fèrèsé méjì tó kọjú síra sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kì í bu bí èyí tó dé pa.

BÍ Ẹ BÁ TI PINNU LÁTI RÀ Á

Ẹ má ra èyí tó tóbi ju yàrá lọ. Ọ̀pọ̀ rò pé bó bá ṣe tóbi tó ló dára tó. Ẹ̀rọ tó tóbi jù á mú yàrá tutù kíákíá, á sì dákẹ́ kó tó fa omi jáde. Inú yàrá á wá tutù, á sì rin, bí inú kànga. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá, tó ní àjà, 1 HP tó o. Bí kò bá ní àjà, tí páànù ń fi ooru sọ̀kò sísàlẹ̀, ẹ fi owó náà ṣe àjà kí ẹ tó sọ ti 1.5 HP.

Èyí tí wọ́n kọ “inverter” sí lára dára fún ọ̀rọ̀ wa yìí, nítorí ó máa ń rọra ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà pípẹ́ dípò kó máa tan kó máa kú, omi tó ń fà sì máa ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe inverter oníbátìrì o. A ti rí ẹni tó ra éésì yìí tó ń retí pé kó máa ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí à ń bu omi tàbí yìnyín sí, tí wọ́n ń pè ní “air cooler”. Owó rẹ̀ kéré, kò sì jẹ iná púpọ̀, ó sì dára ní Kano tàbí Sókótó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Omi ló ń fẹ́ sínú yàrá. Ní Àkúrẹ́ lóṣù June, ńṣe ni a ń bu omi fún kòkòrò mu. Ẹni tó ń ra nǹkan nítorí ọ̀fìnkìn ọmọ kò gbọdọ̀ rà á.

Tòkunbọ̀ náà, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Kíkó éésì àlòkù wọ Nàìjíríà wà nínú ohun tí òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lo gáàsì R22, èyí tí àdéhùn Montreal ti 1987 fẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa fi sílẹ̀ tó bá fi máa di 2030, torí náà gáàsì rẹ̀ yóò máa wọ́n sí i. Èyí tó kan ọmọ jù ni pé inú rẹ̀ ti bu láti ilé ẹlòmíràn wá.

Nígbà ọyẹ́, tí eruku ilẹ̀ Chad bá dé, afẹ́fẹ́ ti gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi. Asẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹ bá ń lò ó, nígbà yòókù ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó. Ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe é: yọ ọ́, fi omi fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ níbòòji, dá a padà. Ẹ fi òtútù rẹ̀ sí 24 sí 26. Èyí tó wà ní 16 á mú kí àyà ọmọ ásímà fún bó bá jáde sínú ooru tó sì tún wọlé. Kí ẹ tó pa á láàárọ̀, ẹ yí i sí fáànù nìkan fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí inú rẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òṣìṣẹ́ wá tú u fọ̀, kì í ṣe kó kàn fi gáàsì kún un, kó sì gba owó lọ.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ka ọ̀rinrin inú yàrá, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó éésì. Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ẹyọ kan, kí àwọn tó fẹ́ yáwó máa gbé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ilé tó bá ń ka 60 lọ sókè lóru pẹ̀lú fèrèsé tó ṣí, ọ̀rinrin ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ra éésì tán, kí wọ́n tún gbé e padà lọ láti wò ó bóyá ohun tí wọ́n san owó fún ni wọ́n rí gbà.

Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá sì wá gbé e kọ́, kí ó tó gba owó rẹ̀, ẹ ní kó ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà, kí ẹ bu omi ife kan sínú àwo inú rẹ̀. Ẹ jáde lọ sẹ́yìn ilé. Bí omi náà kò bá jáde tán nínú ọ̀pá yẹn, ọ̀pá náà kò dagun dáadáa. Ẹ ní kó tún un ṣe kó tó lọ.